Ẹ Má Sọ Àwọn Ọmọ Wa Di Ayékòótọ́

Láti ọwọ́ olùkọ́ kan tí ó ti fẹ̀yìn tì

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìdìbò, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ iye owó kókó, ṣùgbọ́n ó wúwo ju méjèèjì lọ. Ọ̀rọ̀ orí àwọn ọmọ wa ni, àti ohun tí a ń dà sínú rẹ̀ láti òwúrọ̀ títí di ọ̀sán ní ilé ẹ̀kọ́.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, ìjọba àpapọ̀ kéde ní Àbújá pé òun ti fagi lé ìlànà èdè tí ìgbìmọ̀ àwọn mínísítà fọwọ́ sí ní ọdún 2022. Ìlànà ti 2022 yìí ni ó ní kí a máa fi èdè abínibí tàbí èdè àdúgbò kọ́ ọmọ fún gbogbo ọdún mẹ́fà ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Àṣẹ tuntun ní kí a fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ ọmọ láti jẹ́lé-ó-sinmi títí dé yunifásítì. Ẹjọ́ tí wọ́n kà sí èdè wa lọ́rùn ni pé òun ni ó ń mú kí àwọn ọmọ máa kùnà ìdánwò WAEC, NECO àti JAMB.

Ọdún 35 ni mo fi dúró níwájú pátákó ìkọ̀wé. Bí mo bá dákẹ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí, gbogbo ohun tí mo ti kọ sára pátákó láyé mi di irọ́.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ yẹ ẹjọ́ náà wò bí adájọ́. Ọmọ tí ó bẹ̀rẹ̀ kíláàsì kìíní ní ọdún tí wọ́n fọwọ́ sí ìlànà náà kò tíì kọjá kíláàsì kẹrin nígbà tí wọ́n fagi lé e. Báwo ni ọmọ kíláàsì kẹrin ṣe wá kùnà ìdánwò àṣejáde ilé ẹ̀kọ́ girama? Ta ni ó rí i ní gbọ̀ngàn ìdánwò? Àwọn ọmọ tí wọ́n ń kùnà lónìí, ìlànà àtijọ́ ni wọ́n bá lọ. Ìlànà ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè tí ó jáde ní ọdún 1977 ní kí a fi èdè abínibí bẹ̀rẹ̀, kí a sì yà sí Gẹ̀ẹ́sì bí ó bá yá. Nígbà tí ó ṣe, wọ́n sọ ìbẹ̀rẹ̀ náà di ọdún mẹ́ta. Nítorí náà, bí olùkọ́ bá tilẹ̀ pa ìlànà yẹn mọ́ láìyẹ̀, ọdún mẹ́sàn-án gbáko ni a fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ ọmọ kí ó tó jókòó ṣe WAEC. Ní ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ aládàáni, ọdún méjìlá pé ni. Èdè tí ó wà nídìí iṣẹ́ fún ọdún mẹ́sàn-án kò jẹ̀bi. Èdè tí a ti lé síta láti kíláàsì kẹrin ni ó jẹ̀bi! Irú ìdájọ́ wo nìyí?

Ẹ̀ṢẸ̀ TI ÈMI FÚNRA MI

N kò wá síhìn-ín bí ẹni mímọ́. Nígbà tí mo wà ní kékeré, ilé ẹ̀kọ́ tí mo lọ ní òfin kan tí ó le ju òfin olè jíjà lọ. Ọmọ tí ó bá sọ Yorùbá nínú ọgbà, wọn á fi pátákó pélébé kan kọ́ ọ lọ́rùn. Ẹni tí pátákó náà bá wà lọ́rùn rẹ̀ yóò máa dẹ etí kiri títí yóò fi gbọ́ Yorùbá lẹ́nu ẹlòmíràn tí yóò gbé e fún. Ẹni tí ó bá wà lọ́rùn rẹ̀ nígbà tí aago ìparí bá lù ni yóò jẹ ẹgba. Ẹ wo ẹ̀kọ́ tí a kọ́ níbẹ̀: a kọ́ láti máa ṣe amí ara wa, a sì kọ́ pé ohùn ìyá wa jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀.

Nígbà tí èmi náà di olùkọ́, mo ṣe ohun kan náà. Mo na àwọn ọmọ nítorí èdè tí èmi fúnra mi fi ń gbàdúrà ní òru. Ojú ń tì mí bí mo ti ń kọ ọ́ sílẹ̀ yìí.

Ohun tí ó là mí lójú ṣẹlẹ̀ ní abúlé kan ní ilẹ̀ Oǹdó, ní ọdún kẹta tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Mo ń kọ́ kíláàsì karùn-ún nípa bí oúnjẹ àti èso ṣe ń kan, tí wọ́n sì ń yí padà. Mo kọ ìtumọ̀ rẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì sára pátákó, gbogbo kíláàsì sì ń kà á tẹ̀ lé mi bí ẹni ń kọrin. Ọmọkùnrin kan dìde, ó kà á lórí láìṣì lẹ́tà kan. Mo yìn ín. Lẹ́yìn náà ni ó ṣàdéédé wọ̀ mí lọ́kàn láti bi í ohun tí ó túmọ̀ sí. Ó wò mí, ó wo ilẹ̀, omi sì lé ròrò sí ojú rẹ̀. Kò mọ nǹkan kan.

Mo wá bi í ní Yorùbá pé, “Kí ni bàbá rẹ máa ń ṣe sí kókó lẹ́yìn tí wọ́n bá là á tán?”

Ara ọmọ náà yá gágá. Ó ní, “Tíṣà, wọ́n á kó o jọ sórí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀, wọ́n á sì tún fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó mọ́lẹ̀. Bí ó bá di ọjọ́ kẹta, ó ti gbóná. Bí ẹ bá ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, kíá lẹ ó yọ ọ́. Wọ́n á yí i, wọ́n á tún bò ó. Ní ọjọ́ kẹfà ni wọ́n á tó sá a. Bí èèyàn bá kánjú sá a, inú kókó náà á dà bí eérú, àwọn tó ń ra kókó kò sì ní san owó gidi lé e.”

Ọmọ tí kò mọ nǹkan kan ní ìṣẹ́jú kan sẹ́yìn ti kọ́ mi ní ohun tí ìwé ọwọ́ mi kò sọ. Ohun tí ó kù fún mi ni láti gbé ìmọ̀ ìwé lé orí ìmọ̀ tirẹ̀. Mo sọ fún wọn pé àwọn ohun abẹ̀mí tín-ín-tìn-ìn-tín tí ojú lásán kò lè rí ni ó ń jẹ adùn inú ara funfun tí ó bo kókó, tí wọ́n sì ń sọ ọ́ di ọtí; pé irú mìíràn nínú wọn tún ń sọ ọtí yẹn di kíkan; pé iṣẹ́ wọn ni ó ń mú ooru wá; àti pé ooru pẹ̀lú kíkan yìí ni ó ń pa ẹ̀mí inú kókó tí kò fi lè hù mọ́, tí ó sì ń pilẹ̀ adùn tí gbogbo ayé ń jẹ nínú ṣokoléètì. Kí n tó parí ọ̀rọ̀, ọmọbìnrin kan nawọ́ sókè. Ó ní, “Tíṣà, ṣé ohun kan náà ni ó ń mú ògì kan, tí ẹmu àná fi ń le ju ẹmu òní lọ?” Mo dá a lóhùn pé ìbátan ni gbogbo wọn.

Láti ìgbà tí mo ti ń kọ́ kíláàsì yẹn, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí ọmọ kan fúnra rẹ̀ bi mí nìyẹn. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni mo ju pátákó ọrùn sínú iná.

OHUN MẸ́TA TÍ MO GBÀ GBỌ́

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ní ìgbàgbọ́ mẹ́ta nípa iṣẹ́ mi, mo sì fi wọ́n síwájú yín kí ẹ yẹ̀ wọ́n wò.

Èkíní: ọmọ kì í gbé igbá òfìfo wá sí ilé ẹ̀kọ́. Ọmọ ọdún mẹ́fà tí ó ti ń jíṣẹ́ ìyá rẹ̀ ní ọjà ti mọ ìṣirò. Ọmọ tí ó mọ ewé tí ewúrẹ́ ń jẹ àti èyí tí kò jẹ ti bẹ̀rẹ̀ sáyẹ́ǹsì. Ṣùgbọ́n Yorùbá ni ó fi di gbogbo ẹrù ìmọ̀ yìí. Bí olùkọ́ bá ní kí ó fi èdè náà sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ẹrù náà ni ó ní kí ó jù nù.

Èkejì: òye ni ó yẹ kí ó ṣáájú àkọ́sórí. Ayékòótọ́ lè pe ọ̀rọ̀ kí ó já geere, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò lè fi ayékòótọ́ ṣe akọ̀wé. Bí mo bá kọ́ ọmọ ní ohun àjèjì pẹ̀lú èdè àjèjì lẹ́ẹ̀kan náà, òkè méjì ni mo ní kí ó gùn lọ́jọ́ kan. Bí ó bá ṣubú, a ó ní olódo ni. Ẹ jẹ́ kí ó fi èdè tí ó mọ̀ gun òkè ìmọ̀. Ẹ jẹ́ kí olùkọ́ tí ó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa sì fà á lọ́wọ́ gun òkè Gẹ̀ẹ́sì ní àkókò tirẹ̀.

Ẹ̀kẹta: ọmọ tí kò lè béèrè ọ̀rọ̀, ẹrú ni a ń tọ́. Èdè tí ọmọ kò tíì gbọ́ dé ìdí, kò lè fi í jiyàn, kò lè fi í sọ pé “kò yé mi,” kò sì lè fi í sọ fún olùkọ́ pé “ẹ ṣì í.” Ó kọ́ láti dákẹ́. Bí ó bá sì kọ́ láti dákẹ́ níwájú olùkọ́ fún ọdún méjìlá, yóò dákẹ́ níwájú ẹni tí ń ra kókó rẹ̀, yóò dákẹ́ níwájú ọlọ́pàá, yóò sì dákẹ́ níwájú káńsẹ́lọ̀ tí ó ná owó ọ̀nà abúlé rẹ̀.

Ẹ̀yin àgbẹ̀, ẹ gbọ́ àpẹẹrẹ kan. Nígbà tí mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò onídẹ́símà, mo pa ìwé dé. Mo kọ ọ́ sára pátákó pé àpò kókó kan jẹ́ kílò 62.5, mo sì ní kí wọ́n wá iye àpò tí ó wà nínú tọ́ọ̀nù kan, èyí tí í ṣe kílò 1,000. Wọ́n rí i pé àpò 16 ni. Mo tún bi wọ́n ní Yorùbá pé: bí òṣùwọ̀n oníbàárà bá ń jẹ kílò 2.5 nínú àpò kọ̀ọ̀kan, àpò mélòó ni àgbẹ̀ yóò tà kí odidi àpò kan tó wọ gbèsè? Kíláàsì dákẹ́ rọ́rọ́, pẹ́ńsù ń sáré lórí ìwé. Ọmọ kan pariwo pé, “Márùndínlọ́gbọ̀n!” Òótọ́ ni: nínú gbogbo àpò 25, ọ̀kan ti lọ lọ́fẹ̀ẹ́. Ní ọjọ́ kẹta, bàbá ọmọ kan wá bá mi ní ilé ẹ̀kọ́. Ó ní, “Tíṣà, mo fẹ́ tọrọ ọmọ mi lọ́wọ́ yín ní ọjọ́ òṣùwọ̀n. Ó ní òun fẹ́ wo ojú sikéèlì.” Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni. Ẹ̀kọ́ tí kò bá lè bá àgbẹ̀ dé ibi òṣùwọ̀n, ẹ̀ṣọ́ lásán ni.

OHUN TÍ IFẸ̀ TI FI HÀN

Ẹnìkan lè sọ pé ìrírí olùkọ́ kan kò tó láti fi ṣe òfin. Mo gbà. Ṣùgbọ́n kì í ṣe èmi nìkan ni ó dán an wò. Ní oṣù kìíní ọdún 1970, Yunifásítì Ifẹ̀, lábẹ́ ìdarí Ọ̀jọ̀gbọ́n Bàbátúndé Fáfúnwá, pẹ̀lú owó ìrànlọ́wọ́ Ford Foundation ti Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ ìwádìí kan ní ilé ẹ̀kọ́ St. Stephen's ní Modákẹ́kẹ́. Wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà, wọ́n sì jẹ́ kí olùkọ́ tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ dunjú máa kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan lára iṣẹ́. Àwọn ọmọ kejì gba ọ̀nà àtijọ́: Yorùbá fún ọdún mẹ́ta, Gẹ̀ẹ́sì fún ọdún mẹ́ta. Nígbà tí wọ́n yẹ gbogbo wọn wò, àwọn tí a fi Yorùbá kọ́ fún ọdún mẹ́fà ta ẹgbẹ́ wọn yọ nínú àwọn iṣẹ́ yòókù, wọn kò sì gbẹ́yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá.

Ẹ tún un kà: wọn kò gbẹ́yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì. Kí ni ìdí rẹ̀? Ọmọ tí ó ti mọ bí a ti ń ronú, tí ó ti mọ bí a ti ń kàwé lóye ní èdè kan, kò ní í bẹ̀rẹ̀ láti ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ní èdè kejì. Àjọ UNESCO pàápàá ti sọ ọ́ ní ọdún 1953 pé èdè abínibí ni ó dára jù lọ láti fi kọ́ ọmọ. Fáfúnwá di mínísítà ètò ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè yìí, ó sì kú ní ọdún 2010. Iṣẹ́ rẹ̀ ṣì wà nínú ìwé fún ẹni tí ó bá fẹ́ kà á. Kí ni ó dé tí a kò fi sọ ọ́ di ti gbogbo ilé ẹ̀kọ́? Kò sí olùkọ́ tó pọ̀ tó, kò sí ìwé tó tó, kò sì sí aláṣẹ tí ó ní sùúrù. A kò gbin iṣu náà dáadáa, a wá ń sọ pé ilẹ̀ kò dára.

ÀWÍJÀRE ÀWỌN ALÁTAKÒ

Wọ́n ní Yorùbá kò tó èdè sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò. Nígbà tí ọmọ Yorùbá bá pe 45 ní márùndínláàádọ́ta, ó ti fi ogún lọ́nà mẹ́ta ṣe ọgọ́ta, ó ti yọ mẹ́wàá kúrò nínú rẹ̀ kí ó tó di àádọ́ta, ó sì ti yọ márùn-ún kúrò nínú àádọ́ta. Ìṣirò wà nínú ẹnu rẹ̀ kí ó tó mú pẹ́ńsù. Ní ti àwọn ọ̀rọ̀ tuntun, èdè wo ni a bí pẹ̀lú wọn? Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀ yá wọn lọ́wọ́ Látìnì àti Gíríìkì. Láti ọdún 1984 ni àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n wa, tí Ayọ̀ Bámgbóṣé jẹ́ aṣáájú wọn, ti tẹ ìwé èdè ìperí Yorùbá jáde.

Wọ́n ní kò sí ìwé. Samuel Ajayi Crowther, ọmọ Òṣogùn tí a kó lẹ́rú ní ọdún 1821, ti tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde ní ọdún 1843. Ìwé ìròyìn Yorùbá ti wà ní Abẹ́òkúta ní ọdún 1859. Fágúnwà ti kọ ìtàn tirẹ̀ jáde ní ọdún 1938, Odúnjọ sì kọ Aláwìíyé tí àìmọye wa fi mọ ìwé. Bí àwọn wọ̀nyí bá rí ìwé kọ nígbà tí iná mànàmáná kò sí nílé wọn, àwa tí a ní kọ̀ǹpútà kò rí àwíjàre wí.

Wọ́n ní èdè pọ̀ jù ní Nàìjíríà, pé èdè mẹ́ta mẹ́rin lè wà nínú kíláàsì kan. Ní àwọn ìlú ńlá, òótọ́ ni, ó sì gba ètò. Ṣùgbọ́n ìṣòro Èkó kò yẹ kí ó di ẹ̀wọ̀n fún ọmọ Ìgbájọ tàbí ti Ìdànrè, níbi tí gbogbo kíláàsì ti ń sọ èdè kan. Ẹ̀tọ́ tí a sì ń bèèrè fún ọmọ Yorùbá, ohun kan náà ni a ń bèèrè fún ọmọ Ègùn ní Àgbádárìgì àti fún ọmọ Ìjọ ní etí omi ilẹ̀ Oǹdó. Tàńsáníà ní èdè tí ó lé ní ọgọ́rùn-ún. Síbẹ̀ Kìsìwàhílì ni wọ́n fi ń kọ́ ọmọ ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba.

Wọ́n ní a fẹ́ fi Gẹ̀ẹ́sì du ọmọ tálákà. Èyí ni irọ́ tí ó tóbi jù. N kò bá Gẹ̀ẹ́sì jà. Mo fẹ́ kí ọmọ àgbẹ̀ gbọ́ ọ kí ó sì kọ ọ́ bí ọmọ adájọ́. Ṣùgbọ́n ta ni Gẹ̀ẹ́sì nìkan ń yọ lẹ́nu? Ọmọ olówó ń gbọ́ ọ nílé, ó ń wò ó nínú tẹlifíṣọ̀n, ìwé rẹ̀ kún yàrá rẹ̀. Ọmọ abúlé kò rí i àfi ní ẹnu olùkọ́ tí òun fúnra rẹ̀ ń tàsé rẹ̀. Bí a bá wá fi í ṣe ìlẹ̀kùn ìmọ̀ láti ọjọ́ kìíní, ọmọ olówó yóò wọlé, ọmọ àgbẹ̀ yóò dúró síta, a ó sì sọ fún un pé orí rẹ̀ ni kò pé.

OHUN TÍ Ó YẸ KÍ A ṢE

Ní ọjọ́ 17 oṣù kìíní ọdún 1955, ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn, lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ṣí ìlẹ̀kùn ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, gẹ́gẹ́ bí ètò tí Olóyè S. O. Awókòyà ti là sílẹ̀ ní ọdún 1952. Àwọn ọmọ tí wọ́n jẹ́ bí 457,000 ní ọdún 1954 di èyí tí ó lé ní 800,000 ní ọdún kan ṣoṣo. Àwọn ọ̀mọ̀wé kan fi ṣe yẹ̀yẹ́ nígbà náà, wọ́n ní kò ṣeé ṣe. Ó ṣeé ṣe. Ìlẹ̀kùn ọgbà ni a ṣí ní ọdún náà. Ìlẹ̀kùn òye ni ó kù tí a kò tíì ṣí tán, èdè sì ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀.

Òfin orílẹ̀-èdè ti 1999 kò fi ètò ẹ̀kọ́ sí ọwọ́ Àbújá nìkan. Àwọn ìpínlẹ̀ náà ní agbára láti ṣe òfin lé e. Ìpínlẹ̀ Èkó ti ṣe òfin ní ọdún 2018 tí ó sọ kíkọ́ Yorùbá di dandan ní ilé ẹ̀kọ́ ìjọba àti ti aládàáni. Ó dára, ṣùgbọ́n iṣẹ́ kan lára iṣẹ́ ni òfin yẹn sọ Yorùbá dà. Ohun tí a ń fẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ: kí gbogbo ìpínlẹ̀ wa fi òfin dá èdè àdúgbò padà sí ipò èdè ìkọ́ni fún ọdún mẹ́fà, kí wọ́n kọ́ àwọn olùkọ́ ní bí a ti ń fi í kọ́ ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì, kí wọ́n tẹ ìwé, kí wọ́n sì fún ilé ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan ní ojúlówó olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì.

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́, bí ẹnikẹ́ni bá wá tọrọ ìbò yín, kí ẹ tó gba ọwọ́ rẹ̀, ẹ bi í ní gbangba: èdè wo ni yóò fi kọ́ ọmọ mi? Ẹ̀yin àgbẹ̀, ẹ má ṣe bẹ̀rù láti lọ sí ìpàdé òbí àti olùkọ́. Bí ẹ bá bá pátákó ọrùn tàbí owó ìtanràn níbẹ̀ nítorí Yorùbá, ẹ sọ ọ́ jáde. Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, bí ẹ bá wọ kíláàsì lọ́la, ẹ bi ọmọ kan ṣoṣo léèrè ní èdè ìyá rẹ̀ pé kí ni ohun tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kà túmọ̀ sí. Ìdáhùn rẹ̀ yóò sọ fún yín bóyá olùkọ́ ni yín, tàbí ẹni tí ń sin ayékòótọ́.